Ìwé Àdúrà Tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Yọ́

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Dogon Dutse ló bẹ̀ mí pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn. Wọ́n ní àwọn ń ronú iṣẹ́ tí àwọn máa kọ́, pé kí àgbà tó ti ṣiṣẹ́ rí sọ bó ṣe rí fún àwọn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìtàn obìnrin tó fi ọdún tó lé ní ọgbọ̀n ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé àwọn Fadá, tó ń to lẹ́tà òjé, iṣẹ́ tí kò sí ẹni tó ń ṣe é mọ́ ní gbogbo ìlú Jos? Wọ́n ní ìyẹn gan-an ni àwọn fẹ́ gbọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé màá kó ọ̀rọ̀ dídùn jọ fún yín. Mo ba ohun kan jẹ́ nínú iṣẹ́ yẹn tí mi ò lè tún ṣe mọ́, òun gan-an ni mo fẹ́ sọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwúrí lẹ ń wá, àwọn tó ń ta ìwé ìwúrí lẹ́bàá títì pọ̀ ní ọjà Terminus, ẹ lọ bá wọn.

Tèrésà lorúkọ mi. Tíṣà ni bàbá mi, ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá sí Plateau lẹ́yìn òmìnira. Ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n mí sí wá síbí, nítorí náà Yorùbá ni mò ń sọ nílé, Hausa ni mò ń sọ níta, títí dòní ni mi ò sì mọ èyí tí mo fi ń lá àlá. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: bàbá mi bá Fadá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Sunday kan, nígbà tó di Mọ́ńdè mo wọṣẹ́. Ti owó oṣù, ó tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Àwọn Fadá òyìnbó tó wá sí Jos láyé ìwakùsà ló dá ilé ìtẹ̀wé náà sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nínú gáréèjì tí mọ́tò Fadá ń sùn sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi débẹ̀, ó ti di ilé gígùn kan tí a fi òkúta kọ́, tó ní ẹ̀rọ mẹ́ta, yàrá ìdìwé, àti yàrá ìtò lẹ́tà tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ òkè. Hausa ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń tẹ̀: katikísìmù, ìwé orin, ìtàn àwọn ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n ẹ mọ Plateau wa. Òkè kékeré tẹ́ ẹ bá fojú rí, ó ní èdè tiẹ̀. Iṣẹ́ tí ilé ìtẹ̀wé yẹn fi ń yangàn jù ni pé ó ń tẹ àdúrà ní àwọn èdè tí kò tíì wọ inú ìwé rí.

Ọ̀gá mi ni Brọ́dà Kọ́nrádì. Brọ́dà kì í ṣe Fadá. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run, kò gbéyàwó, ṣùgbọ́n kì í ṣe Máàsì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tirẹ̀. Òyìnbó gíga ni, ó máa ń so épúrọ́ọ̀nù dúdú mọ́ra, Hausa ẹnu rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Kì í pariwo. Ì bá sàn kó máa pariwo.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, mi ò to ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ìdásílé ni mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Láyé ìgbà yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ igi òjé tínrín kan, lẹ́tà náà á yọ sókè lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n á kọjú òdì bí ẹni pé inú dígí lo ti ń wò ó. À ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan látinú àpótí tó ní ilé wẹ́wẹ́, a ó tò wọ́n sórí irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ òsì wa, ìlà lórí ìlà, títí ojú ewé á fi pé. A ó wá fi òwú dì í yí ká kó má baà tú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, a ó tú u, a ó dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà sílé tirẹ̀ nínú àpótí. Ìyẹn ni ìdásílé. Bí o bá fi lẹ́tà kan sí ilé onílé, ẹni tó máa to ìwé lọ́la ló máa jìyà ẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, Brọ́dà kò bú mi. Ó gbé gbogbo àpótí náà, ó dà á sórí tábìlì gbalaja. "Maimaita," ó ní, ìyẹn ni pé kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Inú ọyẹ́ ni, ẹ sì mọ ọyẹ́ Jos, ìka mi ń là, òjé ń tutù bí òkúta odò, Brọ́dà kò sì gbà kí á gbé iná ẹ̀yín sún mọ́ lẹ́tà. Mo délé, mo ní mi ò lọ mọ́. Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ó nà ọ́ ni?"

"Rárá, Mààmi."

"Ó bú ọ?"

"Rárá."

"Kí lo wá ń sunkún sí? Lọ sùn, kó o lè jí padà síbi iṣẹ́."

Báyìí ni mo ṣe kọ́ṣẹ́. Brọ́dà á ní kí n di ojú mi, kí n fi ọwọ́ tọ́ka sí ilé tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbé. Bó bá di ọ̀sán, tí aago ṣọ́ọ̀ṣì lù, gbogbo ẹ̀rọ á dákẹ́, a ó dìde gbàdúrà. Láàárọ̀, gbogbo wa máa ń mu nono, wàrà tí obìnrin Fúlàní kan ń gbé rù wá láti ọ̀nà Du, torí Brọ́dà gbà pé wàrà ló ń fọ májèlé òjé kúrò lára. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni, mo kàn mọ̀ pé mo ṣì wà láàyè. Bébà tó bá bàjẹ́ tí orúkọ Ọlọ́run wà lára rẹ̀, a kì í tà á fún àwọn tó ń di ẹ̀pà. Ẹ̀yìn ilé la ti ń sun ún, a ó gbẹ́lẹ̀ sin eérú rẹ̀.

Òfin pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n méjì ló ṣe pàtàkì sí ìtàn tí mò ń sọ yìí. Àkọ́kọ́, ìwékíwèé tí a bá tẹ̀, ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní yàrá Brọ́dà, kò sì gbọdọ̀ jáde níbẹ̀. Èkejì, ìwé tí a bá mọ̀ pé a máa tún tẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, a kì í tú òjé rẹ̀ ká. Òwú pupa la fi ń di ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó tò wọ́n sórí pẹpẹ gíga lẹ́yìn yàrá. Ẹni tó bá rí òwú pupa kò ní fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí mo ti to lẹ́tà fún ọdún díẹ̀, Brọ́dà fún mi ní ìwé kan láti dá tò. Ìwé Katikísì Yohana ni. Katikísì ni ẹni tó ń kọ́ ará abúlé ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, tó ń darí àdúrà níbi tí Fadá kì í dé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Abúlé Yohana wà lẹ́yìn àwọn òkè kan ní apá gúúsù, àwọn tó ń sọ èdè wọn kò ju abúlé mélòó kan lọ. Kò sí ẹni tó kọ èdè náà sílẹ̀ rí. Yohana fi ọ̀pọ̀ ọdún yí àdúrà sí i, ó kọ ọ́ sínú ìwé ilé ẹ̀kọ́, ó wé e sínú àpò sìmẹ́ńtì, ó sì gbé e rù wá sí Jos.

Èmi ò gbọ́ èdè náà. Nítorí náà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá jókòó tì mí, á máa kà á, èmi á máa tò ó. Hausa la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, Baba ni mò ń pè é, òun sì ń pè mí ní 'yata, ọmọbìnrin mi. Ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé àwọn ò ní ọ̀rọ̀ tí àwọn fi ń pe oore-ọ̀fẹ́. Ó wá a títí, ó ń bi àgbà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ìyá arúgbó kan ló wá fún un ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe omi tó máa ń kù lábẹ́ àpáta lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè lé ọmọnìkejì kúrò nídìí rẹ̀. Mo gbé irin ọwọ́ mi kalẹ̀. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ìwé tí mò ń tò kì í ṣe ìwé lásán, inú mi sì dùn débi pé mo sọ ọ́ fún gbogbo ará ilé wa.

Láti òjò kan dé òjò kejì la fi to ìwé náà. Ìwọ̀nba ẹ̀dà díẹ̀ la tẹ̀, torí Brọ́dà fẹ́ kí àwọn ará abúlé kọ́kọ́ lò ó wò ká tó tẹ púpọ̀. Òwú pupa la fi di òjé rẹ̀. Lábúlé, kò sẹ́ni tó ń gbé ìwé náà lọ sílé. Ilé koríko ni wọ́n ń gbé, ikán àti eku kì í jẹ́ kí bébà pẹ́, nítorí náà inú àpótí páànù kan nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo rẹ̀ wà, títí kan ìwé tí Yohana fi ọwọ́ kọ. Wọ́n á pín in bí àdúrà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbà á padà bó bá parí. Ọgbọ́n ni wọ́n kà á sí, èmi náà kà á sí ọgbọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ọdún kan, Yohana wá bá mi, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́. Àwọn ará abúlé kan tó wà níwájú tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, wọn kò sì ní ìwé. "Don Allah, 'yata, ẹyọ kan péré." Gbogbo èyí tí a tẹ̀ ti tán. Brọ́dà kò sí nílé. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo mú ẹ̀dà tó wà níbẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo ní ṣebí òjé rẹ̀ wà lókè níbẹ̀yẹn, màá tẹ òmíràn dípò ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, iṣẹ́ kún orí wa, Àjíǹde dé, Àjíǹde lọ. Mo gbàgbé pátápátá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Brọ́dà Kọ́nrádì, wọ́n ní kó padà sí ìlú rẹ̀. Ọjọ́ tó máa lọ, ó wọ yàrá ìtò lẹ́tà nìkan, ó fọwọ́ ra pẹpẹ òwú pupa láti òpin kan dé òpin kejì. Ó yíjú sí mi. "Ki kula da su," ó ní. Ó ní kí n máa tọ́jú wọn. Mo sunkún bí ọmọdé, èmi abiyamọ. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí a fi gbọ́ pé ó ti kú.

Fadá tuntun tí wọ́n gbé wá bá wa jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ọ̀dọ́, ara rẹ̀ yá gágá. Òun ló ra ẹ̀rọ tí kì í lo òjé. Àwòrán ojú ewé ni ẹ̀rọ náà máa ń yà sórí páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, páànù náà ló fi ń tẹ̀wé. Bí o bá ti ní ẹ̀dà kan tó mọ́ lọ́wọ́, o lè tún gbogbo ìwé náà tẹ̀. Fadá pè mí. "Màmá Tèrésà, òjé yìí ti gba gbogbo yàrá. Èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ yọ́ ọ. Èyí tí kò bá ní ẹ̀dà, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀kan sílẹ̀ ná. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò o, ẹ má fi orí rò ó." Gbogbo rẹ̀ ló sọ. Mi ò lè di ẹ̀bi kankan rù ú.

Mo fi orí rò ó. Èmi Tèrésà, tí mo mọ gbogbo ìwé inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn bí mo ṣe mọ àwọn ọmọ mi, kí ni mo fẹ́ máa ṣí i sí? Mo jókòó, mo kọ orúkọ gbogbo wọn láìdìde, mo sì ń gbéra ga sí i pé kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ilé la gbé ìkòkò irin sí lórí ẹ̀yín, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yọ́ òjé. Nígbà tó kan ìwé Yohana, mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wúwo, ó ń dán. Ó dùn mí díẹ̀. Mo ní, kò burú, ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ilé. Mo fi sísọ́ọ̀sì gé òwú pupa náà, mo dà á sínú ìkòkò. Àwọn tó ń tún bátìrì ṣe ní Terminus ló wá kó òjé náà lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni mò ń nu eruku kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo rí àlàfo kan láàárín ìwé méjì. Àyè ìwé Yohana ni, ẹ̀dà tí mo mú fún un ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tu ara mi nínú: wọ́n ní in lábúlé, wọ́n ní in dáadáa, màá kàn gba ọ̀kan lọ́wọ́ Yohana nígbà tó bá wá. Yohana wá, ó lọ, ó tún wá, mi ò béèrè. Bí mo bá béèrè, màá ní láti sọ ìdí.

Ọdún ń gorí ọdún. Kọ̀ǹpútà dé. Wọ́n gbé mi jókòó síwájú ohun tó dà bí tẹlifíṣọ̀n, èmi tí mo lè dijú mú lẹ́tà. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ mi á ní, "Màmá, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́, ata kọ́ lẹ̀ ń lọ̀." Mo gbìyànjú, mo mọ̀ ọ́n. Mo wá fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó yá, torí bí o bá ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀, ìka kan lo fi ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé wa ti ń dín kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà ní Terminus ti di atẹ̀wé, àwọn ìjọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé ìwé wá mọ́.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, àwọn ọdẹ eku tiná bọ igbó ní ọ̀nà abúlé Yohana. Afẹ́fẹ́ gbé iná náà, ó gbé e lu òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó kú. Àpótí páànù náà gbóná títí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fi di eérú. Ẹ̀dà kan tí mo fún Yohana ńkọ́? Àwọn ará abúlé tó gbà á ti dà á pọ̀ mọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì Yohana tipẹ́, torí ikán.

Yohana wá sí Jos. Ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Mo kí i kú àdánù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n ń sunkún nígbà tí mo kúrò nílé," ó ní. "Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ní òjé wa wà ní Jos lọ́dọ̀ Tereza. Ṣé o lè tún un tẹ̀ fún wa kí òjò tó dé?"

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀. Mo ní, "A máa wò ó, Baba. Ẹ̀rọ òjé ń fẹ́ àtúnṣe ni."

"To, ba komai," ó ní. Kò burú.

Òjò dé, ó padà wá. Mo ní Fadá rìnrìn-àjò. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo ní kò sí íńkì tí ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ń lò. Ìgbàkígbà tó bá ń bọ̀, á gbé àchà wá fún mi nínú igbá, ọkà wẹ́wẹ́ tí ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Mò ń sè é, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́, èmi ò lè gbé e mì. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, mo sì ń kórìíra ara mi. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń purọ́ fún bàbá yẹn.

Ẹni tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún kì í ṣe Fadá. Alhaji Sàláú ni, ọmọ Ìlọrin tó ń ta bébà ní Terminus, tí ilé iṣẹ́ wa ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lọ ra bébà lọ́jọ́ kan, ó bi mí pé kí ló ṣe ojú mi, ni mo bá bú sẹ́kún sáàárín ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ tán, ó gbọnrí, ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí.

"Haba, Ìyá Fẹ́lí! Ọdún mẹ́rin?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ìwé ti run."

"Ta ló ní ó ti run? Ẹ gbọ́, tí wọ́n bá gba gbogbo Kùránì tó wà ní Jos lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn Alfa wa á ti máa kọ ọ́ padà látorí. Bàbá yìí ló kọ ìwé yìí fúnra ẹ̀, ó ti fi gbàdúrà látìgbà tá a ti wà léwe. Ṣé kò ní mọ̀ ọ́n sórí ni? Wallahi, ẹ dìde, ẹ lọ bá a. Arúgbó ni o!"

Ọlọ́run rí mi, mi ò ronú kàn án rí. Àárín òjé àti bébà ni mo ti lo gbogbo ayé mi, mi ò rántí pé ọ̀rọ̀ wà lórí èèyàn.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo lọ, mo gbé kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń gbé sórí itan dání. Yohana wà lábẹ́ igi níwájú ilé rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ Rifkatu ń pọn omi. Mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, mi ò fi ẹnìkan bojú. Nígbà tí mo parí, kò wò mí.

"Nígbà tí mo wá bá ọ lẹ́yìn iná, o ti mọ̀ pé kò sí òjé mọ́?"

"Mo ti mọ̀, Baba."

"Lọ́dún yẹn," ó ní, "mo mọ gbogbo rẹ̀ sórí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Kò ní òun dárí jì mí, èmi náà ò ní ẹnu láti béèrè. Ó ké sí Rifkatu pé kó gbé àpótí ìjókòó wá fún mi. Ó ní kí n mú kọ̀ǹpútà mi jáde.

Láti ọjọ́ náà, Sátidé dé Sátidé, mo ń lọ. Ilé ìtẹ̀wé kógbá wọlé láàárín àsìkò yẹn, wọ́n fún wa ní ìwé ìfẹ̀yìntì, wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ. Yàrá kan péré ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ráyè sunkún rẹ̀, torí iṣẹ́ tó wà níwájú mi lábẹ́ igi yẹn ló jẹ mí lógún jù. Yohana á sọ ọ́, èmi á tẹ̀ ẹ́, màá kà á padà fún un, òun á tún ahọ́n mi ṣe. Àdúrà òwúrọ̀ dà jáde bí omi. Ti oúnjẹ, ti ìgbà gbígbìn, ti aboyún, gbogbo rẹ̀ pé. Mo ń dunnú. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé Ọlọ́run ti yọ mí.

Nígbà tí a dé àdúrà ìgbéyàwó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín ọ̀rọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ní èdè wọn, á parí rẹ̀ ní Hausa, kò ní mọ̀. Bí Rifkatu bá sọ fún un, á fi ọwọ́ gbá iwájú orí rẹ̀, omi á sì lé sí i lójú. A wá àwọn àgbà tó lè ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa ti kú, àwọn ọ̀dọ́ kò sì mọ̀ ju Hausa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká fo ibi tó ṣòro, ká lọ mú èyí tó bá ṣì rántí níwájú. Ó kọ̀. Ó ní, "Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn, 'yata, ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn. Bí mo bá fo ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ mi lójú." Ọ̀sẹ̀ mìíràn wà tí a ó jókòó látàárọ̀ dọ̀sán, tí ìlà méjì péré á jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wá iṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kí ẹ mú, ẹ máa ṣàṣìṣe níbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí kò ní i. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é gan-an ni kí ẹ sọ ọ́. Ìkòkò tí mo gbé kaná lẹ́yìn ilé kọ́ ló pa ìwé Yohana. Bí mo bá ti jẹ́wọ́ lọ́jọ́ tó wá bá mi lẹ́yìn iná, à bá ti kọ ọ́ tán kí òjò tó dé. Ọdún mẹ́rin tí mo fi dáàbò bo orúkọ ara mi ni orí bàbá yẹn fi ń ṣófo díẹ̀díẹ̀. Mo ti jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún Fadá, Fadá ti tú mi sílẹ̀, síbẹ̀ kò tíì kúrò láyà mi.

Àdúrà aláìsàn la wà nígbà tí àìsàn dá òun náà dúbúlẹ̀. Mo ń lọ, mò ń jókòó tì í, kọ̀ǹpútà wà lórí itan mi, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta ó kú.

Èrò pọ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n kọ́. Fadá tó wá, ọmọdé ni, kì í ṣe ará ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé pósí kalẹ̀, ó bi wọ́n ní Hausa pé, nítorí ẹni tí bàbá yìí jẹ́, ṣé kò ní sàn kí wọ́n fi àdúrà èdè rẹ̀ sin ín? Gbogbo wọn yíjú sí ibi tí mo dúró sí. Rifkatu rìn wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mama Tereza," ó ní, "ti ìsìnkú ló kẹ́yìn ìwé náà. Ṣé ẹ̀yin méjèèjì dé ibẹ̀?"

Mo ní, "A ò dé ibẹ̀."

Fadá bá ṣí ìwé Hausa, òun la fi sin Katikísì Yohana.